Ọrun Kúkurú Tí Bàbá Mi Ṣe ní Peckham

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ọkùnrin Yorùbá kan tí kì í ṣe ọmọ ẹni ńlá. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ ọba ni. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ọsibítù, bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣígun tí odindi ìlú fi sá wọ igbó. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a kí ìyànga kékeré yìí bó ṣe yẹ kí a kí i. Kò wúwo nínú àpótí. Àwọn aṣọ́bodè kò rí i gbowó lé lórí. Kì í ṣá bí aṣọ, kì í gbó bí bàtà, ó sì ń mú ara móoru nígbà tí kẹrosíìnì bá tán nínú hítà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni òtútù ìlú yìí ìbá ti gbé lọ bí kò bá sí i.

Ti bàbá mi kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ìran ọdẹ ni wá." Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣa lẹ́tà lóru, wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án fún ìdánwò ìṣirò owó tí wọ́n ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹran kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n dojú kọ rí ni eku kan lábẹ́ sítóòfù, ìyá mi ló sì parí ìjà náà. Síbẹ̀, bí àlejò bá ti jókòó, tó ti mu omi, yóò gbọ́ pé ìran ọdẹ ni wá.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́bàá Old Kent Road. Mùsùlùmí ń bẹ níbẹ̀, aláṣọ funfun ń bẹ níbẹ̀, gbogbo wọn sì jọ ń jẹ bisikíìtì kan náà. Alága wa jẹ́ bàbá àgbà kan tí ojú wọn kì í yí padà bí wọ́n bá ń ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ dé orí ayẹyẹ tí a fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ kí Kérésì tó dé.

Alága ní, "Àwọn ọmọ wa yìí, ọrun tí wọ́n mọ̀ kò ju ti inú fíìmù lọ. Ọmọ ọdẹ, ṣé o lè fọwọ́ ara rẹ ṣe ọ̀kan kí wọ́n rí i?"

Bàbá mi fẹ̀ sórí àga. "Ọrun? Ṣé ọrun náà lẹ ń pè níṣẹ́, sà?"

"Ó dáa. Wàá fà á níwájú wa, wàá sì ta ọfà."

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Bí kò bá rí i ṣe ńkọ́, alága? Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọdẹ Ẹnu láti ọjọ́ náà lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kékeré ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá mi. Mo mọ̀ pé bí ọrun yẹn bá kọ̀, orúkọ náà yóò ti dé Aylesbury Estate kí àwa tó wọ bọ́ọ̀sì, yóò sì ti sùn ní Catford kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọkùnrin tí ìdánwò kò fún ní nǹkan kan, gbólóhùn kan ṣoṣo tó kù ún kù ni wọ́n fẹ́ gbà yẹn.

Òyìnbó àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa gé ẹ̀ka igi kan nínú ọgbà rẹ̀, ó sì fi ta bàbá mi lọ́rẹ. Igi náà le dáadáa, ṣùgbọ́n kò gùn. Bàbá mi là á sí méjì lóròó, wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n fi àfọ́kù ìgò fá a títí ó fi ń dán, wọ́n so ọsán, ìyẹn okùn ọrun, mọ́ ọn, wọ́n sì fà á. Ó dá pàkà! Ìdajì rẹ̀ fò lọ bá gílóòbù, iná sì kú. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Daddy, ṣé ẹ ti pa ẹran ni?"

Bàbá mi na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀. Nígbà tó yá, tí a ti gbá ìgò tán, wọ́n mú ìlàjì ẹ̀ka tí wọn kò tíì gbẹ́, wọ́n sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ní bí ọrun bá kúrú, títẹ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀ ju ti gígùn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Ohun tí àwọn ọdẹ ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn náà, kí ó lè máa nà láìya.

Mo ní, "Daddy, ta ló kọ́ yín?"

"Ọdẹ àgbà kan ni. Bàbá mi máa ń ní kí n gbé ṣòkòtò lọ fún un lábà. Mo máa ń pẹ́ níbẹ̀ kí n lè wo ọwọ́ rẹ̀."

"Ṣòkòtò wo?"

"Èyí tí bàbá mi bá rán."

Mo wò wọ́n. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Mú ọ̀bẹ yẹn wá." Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé télọ̀ ni bàbá bàbá mi.

Alápatà Òyìnbó tó wà ní Rye Lane nígbà náà fún bàbá mi ní iṣan ẹsẹ̀ màlúù, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan tí kò lè béèrè. Bàbá mi fi okùn gbé àwọn iṣan náà kọ́ sókè hítà nínú ilé ìdáná kí wọ́n lè gbẹ. Wọ́n gbẹ, wọ́n pupa, wọ́n le bí igi. Ẹ rántí pé Rye Lane ìgbà yẹn kì í ṣe ti òní. A kì í rí oúnjẹ ilé rà bó ṣe wù wá, ohunkóhun tó bá sì gbẹ tó ń fì nínú ilé ìdáná Yorùbá, oúnjẹ ni títí a ó fi gbọ́ òmíràn. Ìyá mi ti ìdí ṣíìfù ìtọ́jú àwọn arúgbó dé, wọ́n rí ẹran gbígbẹ, inú wọn sì dùn pé ọkọ wọn rántí wọn. Wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sè é títí ó fi rọ̀, wọ́n dà á sínú ọbẹ̀.

Bàbá mi jẹun lọ́jọ́ yẹn bí ọdẹ gidi. Wọ́n tún bù sí i. Wọ́n nu ẹnu, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ, kò pẹ́ tí a gbóhùn wọn.

"Ta ló ká iṣan mi?"

"Iṣan wo?"

"Èyí tó wà lókè hítà!"

Ìyá mi wo àwo ọbẹ̀ tó ti ṣófo. "Ẹ ti jẹ ẹ́, Daddy. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bù ú."

Mo rò pé ìjà máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín nínú rẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní, "Mo ti jẹ orúkọ mi."

Ìyá mi ló lọ bá alápatà fún iṣan mìíràn. Nígbà tó gbẹ, àwọn fúnra wọn ló fi ọmọ odó lù ú, tí wọ́n sì ń fà á ya tín-ín-rín tín-ín-rín, bí ẹni ń pín irun orí mi kí ó tó dì í. Bàbá mi sè lẹ́ẹ̀ àwọn káfíńtà, ìyẹn àtè tí wọ́n fi awọ ẹran ṣe láti máa fi lẹ pákó, gbogbo àtẹ̀gùn ilé wa sì ń rùn. Bí bàbá mi bá ti gbé ìdì iṣan kan bọ inú lẹ́ẹ̀, ìyá mi á gbà á, wọ́n á tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn igi láti orí dé orí, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má wọ̀ ọ́. Wọ́n tẹ́ ìpele kan lórí òmíràn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìran ní gbogbo ìgbà yẹn. Wọ́n gbé e pamọ́ kó gbẹ, ìyá mi sì kìlọ̀ fún ara wọn pé kì í ṣe ẹran.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, bàbá mi dìde pẹ̀lú ọrun kúkurú náà. Wọ́n fà á, ó ké "kẹ̀ẹ̀". Ìyá mi di apá mi mú. Ó tẹ̀, ó tún tẹ̀ sí i, kò dá. Ọfà fò kọjá lára paálí tí wọ́n gbé sórí àga, ó lọ wọ aṣọ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn pariwo, "Ọdẹ tàsé!"

Alága ní, "Ṣé ẹran ló wà níbẹ̀ ni? Ọrun la ní kó ṣe, ó ti ṣe ọrun. Jókòó, jàre."

Bàbá mi gbé ọrun sókè, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó mi ló lẹ̀ ẹ́." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin sì hó yèè.

Nígbà tí a ń bu oúnjẹ, alága wá bá ìyá mi. "Ìyàwó, mo mọ bàbá ọkọ rẹ. Òun ló rán ṣòkòtò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Abà ọdẹ ni wọ́n sì ti máa ń wá ọmọ rẹ̀ yìí bó bá ti jáde nílé."

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, sà? Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n wá sọ kí ni? Òtútù ń mú gbogbo wa níbí. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe ọrun; mo kàn fẹ́ kó ṣe é lójú wọn, kí wọ́n lè fi í sílẹ̀."

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ẹ óò tẹ fóònù, ọrun á dé ẹnu ọ̀nà yín kí ọbẹ̀ tó jinná. Iṣan màlúù kún Rye Lane, kò sí ẹni tó ń wò ọ́ lójú bí o bá rà á. Mo dúpẹ́ fún ìrọ̀rùn yẹn. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ jù lọ fún àwọn mẹ́ta yẹn: bàbá tó wo ọwọ́ ọdẹ tó fi mọ̀ ọ́n, ìyá tó se iṣan tó sì tún un ṣe, àti àgbà tó mọ òótọ́ tó sì bo ọmọ ẹlòmíràn láṣìírí. Irú àgbà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n báyìí. Ohun tí a bá mọ̀ nípa ara wa, ojú gbogbo ayé la ń gbé e sí.

Èmi náà lọ sí yunifásítì, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé bú àwọn tó ń fi ìran yangàn. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí sílé ìwé ọmọ-ọmọ mi kí n wá sọ̀tàn fún àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, "Grandma, kí ni iṣẹ́ bàbá bàbá yín?"

Mo ní ọdẹ ni.