Alhaji Lẹ Bébà Mọ́ Ojú Kọ̀ǹpútà

Pẹ̀lú ìrònú ni mo fi ń kéde pé a ti ṣí bébà kan kúrò lójú kọ̀ǹpútà ní Bẹẹrẹ lónìí.

Ṣọ́ọ̀bù Alhaji, ọ̀gá mi, ló ti ṣẹlẹ̀. Ètò tí a fi ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí a bá kọ́kọ́ sọ fún un ibi tí fáìlì wà àti ẹ̀rọ tí yóò tẹ lẹ́tà jáde. Bí a bá ti pa kọ̀ǹpútà, ó ti gbàgbé nìyẹn.

Alhaji wá kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà, ó sì kọjú ibi tó kọ sí inú.

Mo ní, "Alhaji, ta ló fẹ́ kà á?"

"Ta tún ni? Kọ̀ǹpútà ni!"

Bísí, oníbàárà wa, ń retí lẹ́tà ìwáṣẹ́ rẹ̀. Aago méjì ni ọ́fíìsì tó fẹ́ mú un lọ ní Mápó máa tì. Aago kan àbọ̀ ti lù.

"Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀ọ̀dá, ibo ló kà á dé?"

Mo ṣí bébà náà. Mo tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú fáìlì, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ka fáìlì yẹn kó tó ṣí ètò lẹ́tà. Mo pa á, mo tún tàn án. Lẹ́tà jáde! Tẹ̀ríntẹ̀rín ni Bísí sáré gba ọ̀nà Mápó lọ.

Alhaji ní, "Ṣebí mo sọ? Ó kà á!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni ká yìn nínú wa?

ÌKÉDE: Látòní lọ, kọ̀ǹpútà yìí ti mọ̀wé kà. Nípa àṣẹ Alhaji, a ti lẹ bébà náà padà, kó lè máa fi ṣe àtúnyẹ̀wò.