Ìdò Tí Wọ́n Ṣán

Láàárọ̀ yìí mo jókòó sí etí ọ̀sà, níbi tí omi ìwẹ̀ abúlé wa ti ń jáde, èmi nìkan sì ń rẹ́rìn-ín.

Abúlé apẹja ni tiwa. Ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ dé Ìpakodò. Títí di èṣí, omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ gbogbo ilé a máa ṣàn tààrà síbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹja. Nígbà tí àwọn oníbàárà láti Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ sí í yímú sí ẹja wa, mo rántí ohun tí olùkọ́ kan kọ́ wa ní yunifásítì láyé ọjọ́un: ẹ gbẹ́ kòtò gígùn, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un, ẹ gbin ewéko tó fẹ́ràn omi sí i, kí omi ìdọ̀tí máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Mo gbẹ́ kòtò náà sétí ọ̀sà, ìdò ni mo sì gbìn sí i. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti wú u, òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì wù mí.

Ìyá Ìjọ, olórí àwọn tó ń yan ẹja, ló ni ilẹ̀ tí mo gbẹ́ kòtò náà sí.

“Bàbá Yunifásítì,” ó ní, “mo yá yín títí di ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bí omi yẹn bá ṣì ń rùn lọ́jọ́ náà, orí òkúta yín ni màá mọ ààrò ẹja mi sí o.”

Mo gbà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, n kò tíì fi ìwé tí mo kà ṣe nǹkan kan fún abúlé yìí.

Ìdò hù, ó ga dé àyà ènìyàn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ẹ̀pẹ́. Mo padà dé, kò ku ìdò kan ṣoṣo nílẹ̀.

Àṣà àwọn obìnrin wa ni: bí ìkórè bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a ṣán gbogbo abúlé, wọn a gbá a mọ́ féfé.

“Ẹ wo bí a ṣe bá yín tọ́jú rẹ̀, Bàbá!” Ìyá Ìjọ ń nu òógùn. “Igbó ti fẹ́ bo iṣẹ́ yín mọ́lẹ̀.”

Mo káwọ́ lérí. “Ìyá Ìjọ, igbó yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà!”

“Ẹ̀hẹ́n? Ẹ lọ sí yunifásítì, igbó lẹ kọ́ wálé?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ wa òkúta. Àdá ni wọ́n lò. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi ọkọ́ rẹ̀ gbá òkúta. Gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ra bí àwọ̀n ẹja. Mo rántí ohùn olùkọ́ wa: ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Síbẹ̀, n kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ ìkórè, èéhù tuntun ti yọ láàárín òkúta. Ìyá Ìjọ dé nínú sùtánà funfun, ó fi abọ́ gbọ́n omi tó ń jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó wá dà á sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà.

“Bàbá,” ó ní, “mo ń wá òórùn náà, n kò rí i. Màá wá ibòmíràn fún ààrò mi.”

Lónìí, ìkórè mìíràn ti dé tán, wọ́n tún ń ṣán abúlé. Ìyàwó tuntun kan gbé àdá sókè sí ìdò mi. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Ìjọ ti pariwo láti ọ̀ọ́kán:

“Ìyàwó! Má gé yunifásítì Bàbá o!”