Fáàfù Inú Gíráàmù Bàbá Mi

Gíráàmù bàbá mi, àpótí ńlá tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin, ti dákẹ́ tipẹ́, síbẹ̀ ó gba ìdajì pálọ̀ wa ní Ìlá. Màmá fẹ́ kó kúrò kí àga tuntun lè ráyè. Bàbá ní owó kòkó àkọ́kọ́ làwọn fi rà á, pé fáàfù méjì inú rẹ̀, àwọn gílóòbù tó ń gbé ohùn jáde, ṣì dára ju ohunkóhun tó wà lọ́jà. Èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn lágbára sí i fún hẹ́dífóònù, tó ń lo irú fáàfù bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn ju ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún lọ! Mo ní ká fi tiwọn wé méjì tuntun tí mo rà l'Ékòó.

Bàbá ní, "Bí tèmi bá fìdí rẹmi, ẹ gbé gíráàmù lọ sóko."

Màmá ti ń fojú wọn ibi tí àga máa wà.

Mo ki tuntun bọ anpilifáyà mi. Mo ń fi sukudiráfà yí ìdè kékeré, ojú mi wà lára mítà, títí iná tó ń gba inú àwọn méjèèjì kọjá fi dọ́gba. Wẹ́rẹ́ ni. Ti Bàbá ló di ìjà: bí mo ṣe ń fa iná rẹ̀ wálẹ̀ ló ń gùn sókè. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n ju sukudiráfà nù. Ìgbà tó gbóná dáadáa, abẹ́rẹ́ mítà dúró ṣinṣin.

"Ó dúró!" Mo pariwo.

Orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí Màmá wà lára àwọn akọrin rẹ̀, tí mo gbà sórí fóònù ni mo fi dán an wò. Bàbá gbọ́ tuntun, wọ́n gbọ́ tiwọn, wọ́n mirí.

"Ọ̀kan náà ni."

"Ó tán," Màmá dáhùn.

Ó dùn mí dé egungun. Àfi bí mo ṣe wò wọ́n dáadáa. Ọyẹ́ ń fẹ́, Bàbá ti fa fìlà abetí-ajá wọn bo etí méjèèjì, wọ́n wá gbé hẹ́dífóònù lé e! Ṣùgbọ́n ta ni èmi láti ṣí fìlà lórí bàbá mi?

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fìlà yẹn..."

"Kí ni fìlà mi ṣe fún ọ?"

Màmá ló dìde, tí wọ́n ṣí i. "Kẹ́ ẹ má baà ní mo rẹ́ yín jẹ."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní tuntun dára. Mo ki tiwọn bọ̀ ọ́, mo tún iná rẹ̀ tò. Wọ́n dijú. Lójijì ni wọ́n figbe ta, bí ẹni tó di etí ṣe máa ń sọ̀rọ̀:

"Ìyá yín rèé! Ohùn wọn rèé láàárín gbogbo wọn!"

Màmá gba hẹ́dífóònù, wọ́n gbọ́ orin náà délẹ̀. Wọ́n wá fi etí ìró wọn nu eruku orí gíráàmù, wọ́n ní ìyẹ̀wù ni àga tuntun máa wà.