Igi Obì Bàbá Mi Lábẹ́ Omi

Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bàbá mi dojú dé kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ìjọba fẹ́ sé odò wa ní Kpoulou di adágún, wọ́n ṣèlérí láti kọ́kọ́ gé igi oko. Wọn kò gé ẹyọ kan. Omi bo oko tòun ti igi. Bàbá mi àgbẹ̀ di apẹja.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní, “Bàbá, ẹ má gba orí oko yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ akọ̀wé yìí! Ṣé igi obì tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ni yóò pa mí?”

Igi yẹn gan-an ló dá ọkọ̀ lu tó fi dojú dé. Lálẹ́, wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé.

Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ni! Igi kò rìn wọ odò. Ìjọba ni wọ́n gbé omi wá bá a. Bí omi bá fà, orí igi náà máa ń yọ, èmi nìkan a sì jókòó létí omi máa wò ó. Ó ti gbẹ. Wọn kò tíì gé e.