Ta Ló Kú Nílé Alásíá?

Ọjọ́ tí Kánádà wọ Baruwa ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Nùrẹ́nì Ọláoyè, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alásíá, kí Ọlọ́run forí jìn ín.

Iṣẹ́ Bàbá ni pé tí ọjọ́ ńlá orílẹ̀-èdè kan bá pé, yóò fa àsíá ibẹ̀ sókè lórí òpó iwájú ilé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán gbogbo wọn, ajákù aṣọ oníbàárà ló sì fi ń rán wọn, kò ra ọ̀pá aṣọ kan rí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún kan, ó kan Kánádà. Bàbá kò rí igi tí ewé rẹ̀ wà lára àsíá yẹn rí láyé, nítorí náà ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wò fi gé e.

Kí aago mẹ́wàá tó lù, èèyàn mọ́kànlá ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ẹnìkan ló gbé e sórí Wáàsáàpù pé Kánádà ti ṣí ọ́fíìsì físà kékeré sí Baruwa kí èrò lè dín kù ní ti Erékùṣù Èkó.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Ṣeunfúnmi wí, nọ́ọ̀sì kan láti Ìṣẹ̀rí-Olófin tó wà níwájú gbogbo wọn. "Ọ̀rọ̀ Kánádà la bá wá."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí yín." Bàbá gbé àga síta. Ogún ọdún ló ti fi ń dúró de ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dára. Kí lo mọ̀ nípa ewé yẹn?"

"Mo ní ìwé ẹ̀rí, sà. Mo ti ṣe ìdánwò Òyìnbó, mo sì yege."

"Ewé ni mo béèrè."

Ṣeunfúnmi gbójú sókè, ó wò ó títí. "Ó jọ ewé ìbẹ́pẹ, sà."

Bàbá ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.

Èèyàn mẹ́sàn-án ló fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. Àwọn méjì tó kù, ó ní kí wọ́n lọ kàwé díẹ̀ sí i, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì padà wá, wọ́n sì mú ẹni mẹ́rin lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tó rú àwọn oní-Kánádà yẹn lójú. Àsíá náà kò dé orí òpó, ìdajì ló dúró sí, bẹ́ẹ̀ ọ̀fọ̀ ni àsíá ìdajì òpó ń kéde. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ṣí fìlà, ó ń bá wọn kẹ́dùn.

Kò sẹ́ni tó kú. Henry wẹ́dà ló fi páìpù omi méjì jó òpó náà pọ̀, ojú ibi tó ti jó o sì wú bí orókùn. Òrùka irin tí wọ́n ń so àsíá mọ́ á gun òpó láti ìsàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tó bá dé orókùn yẹn, ó há nìyẹn. Gbogbo ohun tí Bàbá sì ń fẹ́ láyé ni kí àsíá òun dé orí òpó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí òun tó kú.

Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Fáìlì kan tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, àkàbà kan, ó parí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbé òpó yẹn sùn sílẹ̀, kí n rẹ́ ẹ," ni Henry bẹ̀ ẹ́.

"Òpó àsíá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ n gùn ún."

"Kí bàtà ẹ wá ga ju orílẹ̀-èdè lọ, àbí?"

"Ẹ jẹ́ kí àwa mẹ́ta fà á ṣá. Ó lè fò ó."

"Ọwọ́ ẹnìkan ló ń fa àsíá. Òfin ni."

Henry béèrè ẹni tó ṣe òfin náà. Bàbá ní òun ni.

Ọjọ́ òmìnira kan dé, Julius, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, rí àsíá Nàìjíríà ní ìdajì òpó, ó sáré pe ìpàdé. Gbogbo onílé dìde dúró, wọ́n dákẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ìgbà tí wọ́n jókòó tán ni ẹnìkan tó béèrè ẹni tó kú.

Julius gba ilé Bàbá lọ. "Bàbá, ta ló kú?"

"Ẹnìkan kú."

"Ta lẹni náà?"

"Ayé fẹ̀, Julius. Ẹnìkan kú."

Láti ìgbà náà ni Zikrullah oníbúrẹ́dì, tó ń gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, ti sọ ọ́ di ìkíni: "Bàbá, ta ló kú lónìí?" Bàbá á ní, "Gbé búrẹ́dì ẹ kọjá jàre. Lọ́jọ́ tó bá dókè, mo máa sọ fún ẹ."

Ó mọ ìtàn àsíá ju bó ṣe mọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Á ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ya tiwa: àwọ̀ ewé fún oko, funfun fún àlàáfíà. Ọmọ náà ya oòrùn pupa sáàárín, àwọn tó ń ṣe ìdájọ́ sì yọ oòrùn kúrò. Ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí Bàbá. "Wọ́n yọ oòrùn kúrò, wọ́n wá ń béèrè ìdí tí kò fi síná."

Ìyàwó rẹ̀, Ìdíátù, nìkan ló mú un. Lóṣù kejìlá kan, ó rí i tó ń so aláwọ̀ búlúù, yẹ́lò àti pupa mọ́ òrùka.

"Bàbá Hamdalah, ẹ ti lo èyí lóṣù kẹjọ."

"Ti Ṣáàdì nìyẹn. Ti Ròmáníà lèyí."

"Aṣọ kan náà ni."

"Aṣọ kan náà ni, èrò inú ẹ̀ ló yàtọ̀."

Ìdíátù ò jiyàn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí wọ́n ń jẹ ilá kan náà, tí Bàbá fẹ́ ráhùn, ó ní, "Ọbẹ̀ kan náà ni. Èrò inú ẹ̀ ló yàtọ̀."

Lóṣù tó kọjá, Bàbá sùn, kò jí. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn ará àdúgbò pé síwájú ilé láti fi àsíá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìdí àpótí tí Bàbá ń kó àsíá sí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Julius yọ aláwọ̀ ewé, funfun àti ọsàn jáde, ó ní tiwa ni, ó kàn ti ṣá ni. Ìdíátù, tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ní ti Áyálándì ni. Julius yí i sódì kejì. Ìdíátù ní ó ti di ti Áífọrì Kóòsì báyìí. Julius fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sínú àpótí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà tún di ti ibòmíràn.

Nígbà tí wọ́n rí ti Nàìjíríà, Henry fà á, ó há sí orókùn.

"Ó ti tó," ni Julius wí. "Ìdajì náà ló yẹ kó wà."

"Ojoojúmọ́ ló ń wà níbẹ̀," ni Ìdíátù fèsì. "Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé tòní yàtọ̀? Ṣebí òun náà ló kọ́ yín pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á dé orí òpó, kẹ́ ẹ tó sọ̀ ọ́ wá sí ìdajì."

"Màmá, ọwọ́ ẹnìkan ni Bàbá ní kó máa fà á," ni Henry wí.

"Ẹni tó ṣòfin ti lọ. Ẹ fà á."

Ọkùnrin mẹ́fà di okùn mú. Òrùka náà han, ó fá ìpẹtà, ó fo orókùn, ó sáré dé orí òpó, ó sì dún gbàǹgbà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òrùka ti há sínú kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lókè pátápátá. Wọ́n fà á, okùn já.

Henry ní òun á gùn ún. Ó wo bàtà rẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

Ìgbà náà ni Zikrullah yọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló ti lò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró, ó gbójú sókè, búrẹ́dì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀.

"Ó ti dókè? Kò sẹ́ni tó kú lónìí nìyẹn. Bàbá dà?"

Julius ń wolẹ̀. Ìdíátù fi etí ìborùn nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Gbé búrẹ́dì kan sílẹ̀ fún mi, Zikrullah," ló wí. "Bàbá ẹ ní kí n sọ fún ẹ pé ó ti dókè."