Abẹ́rẹ́ Tó Gba Inú Aṣọ Oníbàárà Kọjá

Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Èmi àbúrò rẹ̀ ń pè é ní Àǹtí, torí mi ò wá wàhálà. Telọ ni. Kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ àfi tó bá ti wọ̀n ọ́n, tó tún un wọ̀n, tó sì ní kí ẹni tó dúró tì í bá òun wọ̀n ọ́n. Oníbàárà kan sọ fún un lójú mi pé kó tó wọ̀n ọ́n tán, òun á ti sanra sí i. Àǹtí ní kó jọ̀wọ́ dúró dáadáa, kí òun lè wọ̀n ọ́n bó ṣe ń sanra lọ.

Yàrá gbọọrọ kan ni ṣọ́ọ̀bù wa. Tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, àwọn maṣíìnì wà létí fèrèsé, èmi àti áyọ́ọ̀nù mi sì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ooru ti ń bá mi ṣeré. Bàbá Oníkóòtù ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti ń rán kóòtù kí wọ́n tó bí èmi àti Àǹtí. Òun ló fi òfin tí gbogbo wa ń pa mọ́ lélẹ̀: aṣọ oníbàárà kò gbọdọ̀ ní ihò tí oníbàárà kò bẹ̀ wá fún. Píìnì lásán, ojú rírán ni kí o fi í sí, kí ibi tó gbà má bàa hàn.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Àǹtí bí. Olùkọ́ ni, ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí oníbàárà kan kò bá lè wá wọ aṣọ rẹ̀ wò, ọmọ yìí ló máa ń bá wa wọ̀ ọ́ tó bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà wá lórí rẹ̀: ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà rárá. Ó máa ń gbé abẹ́rẹ́ kan tó dà bíi bírò ńlá kiri nínú báàgì. Oògùn wà nínú rẹ̀, itan ni wọ́n sì máa ń gún un sí. Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, Àǹtí nìkan ló mọ̀ ọ́n lò láàárín wa. Àwa yòókù gbà pé ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ náà wọ kóòtù àti ṣòkòtò tí a rán fún àbúrò Ìyá Onísìmẹ́ǹtì, tó ń gbé ìlú mìíràn. Ìyá Onísìmẹ́ǹtì wá wò ó fúnra rẹ̀. Ọ̀làwọ́ ni, ó gbé kéèkì wá. Ọmọ bi í bóyá ẹ̀pà wà níbẹ̀.

"Kéèkì lásán ni, ọmọ mi. Ṣé o rí ẹ̀pà kankan níbẹ̀ ni?"

Ńṣe ló rà á, ojú ló sì fi wò ó. Ẹni tó ṣe é ti lọ ẹ̀pà kúnná mọ́ ìyẹ̀fun. Ọmọ bù ú jẹ díẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń họ ọrùn, mo rò pé kọ́là kóòtù ló ń yún un. Lẹ́yìn náà ètè rẹ̀ wú, ó ń wúkọ́, ohùn rẹ̀ sì há. "Màámi," ó ní, "ọ̀fun mi ń dí."

Bàbá Oníkóòtù ti dìde. "Ẹ dì í mú, ẹ jẹ́ kó rìn síta, kó gba afẹ́fẹ́."

"Kò gbọdọ̀ rìn, Bàbá." Àǹtí ti gbé e jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ẹsẹ̀ tábìlì, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó nawọ́ sí mi. "Báàgì ẹ̀ dà? Ìyá Onísìmẹ́ǹtì, ẹ pe áńbúláǹsì. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀pà ló jẹ, kò sì lè mí dáadáa." Bó ṣe máa ń sọ fún mi pé kí n rọra ṣe áyọ́ọ̀nù ló ṣe sọ ọ́.

Mo gbé báàgì dé, mo bá Bàbá lórí ìkúnlẹ̀ tó ń tú bọ́tìnnì ṣòkòtò.

"Ẹ jẹ́ kí n bọ́ eléyìí ná," ó ní. "Aṣọ oníbàárà ni. Ó nípọn, ó tún ní aṣọ láìnìn nínú, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yẹn á ṣẹ́ sínú ẹ̀."

Kò sì sí ẹni tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà burú. Èmi gan-an ti di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mú kí n bá a fà á. Bọ́tìnnì yẹn kò tú, torí Bàbá fúnra rẹ̀ ló rán an, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè tú.

Àǹtí kò bá a jiyàn. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn, ó fa ìdérí abẹ́rẹ́ yọ, ó sì gún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ itan ọmọ rẹ̀. Ó gba inú aṣọ, ó gba inú láìnìn, ó ró kẹ́. Ó dì í mú síbẹ̀, ó rọra ń kà. Obìnrin tí kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n kò wá tépù kankan.

"Mo ti gún un," ó sọ fún ọmọ. "Má dìde. Mí bó o ṣe lè mí."

Díẹ̀díẹ̀, èémí bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. Mo wo Bàbá, mo rí i pé ihò ara ṣòkòtò ló tẹjú mọ́. Inú bí mi débi pé mo ti la ẹnu láti bú u. Ìgbà náà ni mo rí omi lójú rẹ̀, mo bá pa ẹnu mi dé.

Áńbúláǹsì dé, wọ́n gbé e lọ. Ọmọ ń ráhùn pé ara òun ti yá, wọ́n sì dá a dúró di ọjọ́ kejì, torí àìsàn náà lè padà wá. Ìyá Onísìmẹ́ǹtì bẹ̀bẹ̀ títí. Àǹtí ní òun ò bínú, àmọ́ bí kò bá mọ nǹkan lọ́jọ́ mìíràn, kó ní òun ò mọ̀. Àǹtí fẹ́ rán ṣòkòtò mìíràn rọ́pò èyí tó ní ihò, obìnrin náà ní bí òun bá fi ojú kan ṣòkòtò tuntun kankan, òun ò ní bá wa sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọmọ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí dúró létí tábìlì, ó wò wá.

"Ká ní mo ti lọ ra okùn ìránṣọ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Mo mọ ìdáhùn: à bá ṣì máa tú bọ́tìnnì. Ojú tì mí gan-an.

Ọmọ mú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kan jáde, èyí tí oògùn inú rẹ̀ ti kọjá ìgbà tó yẹ kéèyàn lò ó. Bàbá dìde. Ó bọ́ kóòtù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìrọ̀rí àga rẹ̀, ó ní, "Kọ́ mi."

"Bàbá, ẹ lè lo àkísà."

"Àkísà kọ́ ni wọ́n máa ń wọ̀ wá síbí."

Ọmọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, ibi tí wọ́n ń gún un sí, àti pé kò gbọdọ̀ yára yọ ọ́. Bàbá gún un. Nígbà tó gbé kóòtù kúrò, ìrọ̀rí ti tutù. Ó fi ìka kan ihò náà, ó gbé kóòtù wọ̀ padà, ó sì na abẹ́rẹ́ sí mi kí n fi bí wọ́n ṣe ń dì í mú hàn án. Mo fi hàn án. Ó ní àtàǹpàkò mi wà níbi tí kò yẹ. Mo tún un ṣe.

Àǹtí ń wò wá. Nígbà tó yá, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá.

"Mo ń lọ ra okùn," ó ní, ó sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.