Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Wa Fún Mi

Ìbínú ló sọ mí di òǹkọ̀wé. Mo mọ̀ pé kò dára lẹ́nu ọmọ tó kàwé, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ parọ́.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò gbà wá mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé, lọ́nà Sábó. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kódà bó dàgbà jù ú lọ. Ó ní láti fún un ní orúkọ mìíràn. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ fún mi. Inú mi máa ń dùn sí i débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín kó lè rí eyín ọ̀hún.

Iṣẹ́ ò dé. Mò ń kọ ìtàn sórí fóònù láti àárọ̀, mò ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé iṣẹ́ rédíò, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Lọ́jọ́ kan tí mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníbàárà kún orí bẹ́ǹṣì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Akọ̀wé Afẹ́fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tí kò níbi iṣẹ́, tó ń kọ̀wé sí afẹ́fẹ́. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi bí èèmọ́. Kò pẹ́ tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Sábó náà fi ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé mi ò lè bá a jà. "Ẹ̀yin" ló fi ń bú mi, ó tún ń kúnlẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fẹjọ́ sun ìyá mi lórí fóònù, ó ní, "Ṣé ó pè ẹ́ ní 'ìwọ' ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé ó pe orúkọ ẹ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá ṣe ẹ́? Ìyàwó tó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ lo fẹ́ máa bá jà."

Mo sunkún. Ẹkún ìtìjú ni, kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Mo rò ó dáadáa, mo mọ ìyàtọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn télọ̀ kan tó máa ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́, tí yóò sì ní, "Aṣọ ò fún, ẹ̀yin lẹ sanra." Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ọkàn mi ń fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti kúrò ní yunifásítì, mò ń jí pẹ̀lú ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ọ̀yọ́ gba ìtàn náà, wọ́n ní kí n wá kà á fúnra mi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn bi mí pé orúkọ wo ni kóun fi pè mí. Orúkọ àbísọ ló wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n Akọ̀wé Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo fẹ́ kí ẹni tó sọ mí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èmi ni.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó bọ́ sí i. Ṣebí orí afẹ́fẹ́ náà la wà yìí."

Ó bí mi nínú díẹ̀, torí kì í ṣe tàwàdà ni mo bá wá. Mo kà á tán. Ó ní kí n mú òmíràn wá.

Nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan ń wọ búláòsì tuntun wò nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè gbé apá sókè.

"Ìyàwó, ó fún mi," ìyá náà wí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

"Àbí èmi ni mo sanra?"

Gbogbo orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Màmá, ẹ má bi í, ẹ bi rédíò."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Ó wò mí, mo sì rí i pé ó wọ̀ ọ́ lára. Mo ti ń bẹ̀rù pé àánú rẹ̀ á ṣe mí. Bóyá ó yẹ kó ṣe mí. Kò ṣe mí. Ohun tí mò ń rò ni pé ọ̀rọ̀ tí mo dá jókòó kọ ti rìn láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì bá ẹni tí mo rán an sí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló pè, ketekete, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní, "Wá gbé oúnjẹ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. Èmi náà mọ ohun tó gbà padà lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́, mo gbé àwo mi wọ yàrá, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kejì. Télọ̀ yẹn ṣì wà nínú ẹ̀.